Ìkọ̀sílẹ̀ láìjà: ṣé olùlàjà kan ṣoṣo ni ká lọ bá, àbí kí kálukú mú lọ́yà tirẹ̀ wá sídìí tábìlì?

Àbẹ̀kẹ́_Onísùúrù kọ:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi àti ọkọ mi ti fẹnu kò pé ìgbéyàwó yìí ti parí. Kò sí ìjà, kò sí èébú. A ṣì ń jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ọmọ méjì la bí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 11, èkejì ọdún 6. A ní ilé tí a ṣì ń san gbèsè rẹ̀ fún báńkì, orúkọ àwa méjèèjì ló sì wà lórí gbèsè náà. Iṣẹ́ oṣù ni mò ń ṣe. Òun ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀.

Ohun tó fẹ́ ni pé ká lọ bá olùlàjà kan, ká jọ san owó rẹ̀, ká parí ọ̀rọ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi ní kí n má gbà, pé ohun tí wọ́n ń pè ní collaborative law ló dáa, níbi tí kálukú ti ń mú lọ́yà tirẹ̀ wá, tí gbogbo wọn á sì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní gbé ara wọn lọ sí kóòtù. Mo ti kà nípa méjèèjì títí ojú fi ń ta mí, gbogbo ohun tí mo rí kò ju "àlàáfíà, àlàáfíà" lọ. Ìyàtọ̀ wọn gan-an ni mi ò rí dì mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, èwo lẹ yàn, kí ló sì fà á?

Bàbá_Ìrọ̀rùn kọ:

Àbúrò, olùlàjà ni o. Má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ sì ní ọmọ tí ẹ ó jọ máa tọ́ títí wọn yóò fi dàgbà. Ẹnìkan ṣoṣo lẹ máa sanwó fún. Bí lọ́yà méjì bá ti wọ yàrá kan, owó wákàtí àwọn méjèèjì ló ń kà lé yín lórí, ì báà jẹ́ wọ́n sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ wọ́n kàn ń mu omi.

Bárísítà_Ìdílé kọ:

Òfin ìdílé ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ẹ má ka ohun tí mo bá sọ níbí sí ìmọ̀ràn lọ́yà yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dàrú mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Olùlàjà kì í ṣe adájọ́. Kò ní dá ẹjọ́, kò ní sọ ẹni tó jàre. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin méjèèjì lè gbọ́ ara yín yé, kí ẹ sì fúnra yín pinnu. Bó tilẹ̀ jẹ́ lọ́yà ni tẹ́lẹ̀, kò lè dúró bíi lọ́yà rẹ, torí kì í ṣe tìrẹ, kì í sì í ṣe ti ọkọ rẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ èyí. Wọ́n á jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n á máa rò pé bí àdéhùn bá fẹ́ pa àwọn lára, á ṣẹ́jú sí àwọn. Kò ní ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kejì kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1990, lọ́yà kan tó ń jẹ́ Stu Webb ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun ò ní lọ jà ní kóòtù mọ́ lórí ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yanjú rẹ̀ nídìí tábìlì ni kó wá bá òun. Bí kò bá sì yanjú, òun á yọwọ́, kí onítọ̀hún wá lọ́yà mìíràn. Àwọn lọ́yà mìíràn tẹ̀ lé e, ọ̀nà náà sì tàn dé Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà. Kókó rẹ̀ ni gbólóhùn kan nínú ìwé tí gbogbo yín máa tọwọ́ bọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bí ìjíròrò bá fọ́, tí ọ̀rọ̀ sì di ti kóòtù, lọ́yà méjèèjì ni yóò kúrò níbẹ̀. Lọ́yà tó bá ń pe ara rẹ̀ ní collaborative, tí gbólóhùn yìí ò sí nínú ìwé rẹ̀, ìdúnàádúrà lásán ló ń ṣe. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà.

Ẹyẹ_Òwúrọ̀ kọ:

Olùlàjà lèmi àti ẹni tó jẹ́ ìyàwó mi nígbà yẹn lò. Kó tó pe wá pọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn ìbéèrè tó bi mí yà mí lẹ́nu: ṣé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́? Ta ló ń mú owó dání nínú ilé? Bí o bá sọ pé "rárá" sí nǹkan tó fẹ́, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Lẹ́yìn ìyẹn ló fún wa ní fọ́ọ̀mù gígùn kan ká kọ owó tó ń wọlé, èyí tó ń jáde, gbèsè, pẹ́ńṣàn, gbogbo ẹ̀ porogodo.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe owó ló dá wa dúró. Ọ̀rọ̀ ọlidé àwọn ọmọ ni! Ọjọ́ tó le jù, ó fi wá sí yàrá méjì, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wa bíi pé ó ń jíṣẹ́. Ó sì yanjú.

Ohun tí màá fẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ dì mú ni pé ìwé tí olùlàjà kọ fún wa níkẹyìn kò de ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé àkọ́kọ́. Lọ́yà tèmi gbé e yẹ̀ wò, ó rí i pé a kọ ọ́ pé a ó ta ilé, a ò kọ ìgbà tí a ó tà á, a ò sì kọ ẹni tí yóò máa san gbèsè rẹ̀ títí dìgbà náà. Ìgbà tí a tún ìyẹn ṣe ni wọ́n tó gbé e lọ síwájú adájọ́, tó wá di àṣẹ kóòtù. Nítorí náà, Bàbá, ọ̀rọ̀ "ẹnìkan ṣoṣo lẹ máa sanwó fún" yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. A sanwó lọ́yà, àmọ́ ti wákàtí díẹ̀ ni.

Òtítọ́_Korò kọ:

Collaborative ni tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí wọn kì í kọ sínú ìwé ìpolówó wọn.

Ó kọ́kọ́ lọ geere. Lọ́yà méjì, oníṣirò owó kan tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, àti ẹnìkan tó mọ̀ nípa ọmọdé tó lọ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, tó sì wá sọ ohun tó jẹ wọ́n lọ́kàn fún wa. Apá ti àwọn ọmọ yẹn, mi ò lè fi ẹ̀gàn kún un títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀rọ̀ ilé nìkan, ẹnìkejì mi dìde, ó ní kóòtù ló kàn. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́yà mi tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe kó ìwé rẹ̀ ńlẹ̀. Ẹnìkejì mi gba tuntun kíá, torí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi, mo lọ yáwó. Ọ̀dọ̀ lọ́yà tuntun, mo tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orí ìwé kìn-ín-ní.

Wọ́n á ní gbólóhùn yẹn ń so gbogbo èèyàn mọ́ ìdí tábìlì. Ẹni tí àpò rẹ̀ kò jìn ló ń so mọ́lẹ̀.

Bárísítà_Ìdílé kọ:

@Òtítọ́_Korò, ẹ kú ìfaradà. Mi ò ní jiyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀ ni pé lọ́yà tó mọ̀ pé òun lè bá yín dé kóòtù lè máa fi ọgbọ́n kó ẹ̀rí jọ de ọjọ́ ìjà, ẹnìkejì yóò sì ti fura, kò ní la ẹnu. Bí lọ́yà méjèèjì bá mọ̀ pé iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn bó bá fọ́, wọ́n á gbìyànjú gan-an kó má baà fọ́. Àmọ́ ìṣòro tí ẹ sọ yẹn kò ní oògùn nínú ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí lọ́yà bi oníbàárà rẹ̀ pé: bí èyí bá dàrú, ṣé o ní owó tí o máa fi gba ẹlòmíràn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "rárá", kó ronú dáadáa kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àfikún kan: òfin àwòkọ́ṣe lórí ọ̀nà collaborative yìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, tí wọ́n tún ṣe ní 2010, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti gbà wọlé, fi àyè sílẹ̀ fún pàjáwìrì. Bí ewu bá dé, tí lọ́yà tuntun kò sì sí ní sẹpẹ́, lọ́yà tó wà níbẹ̀ ṣì lè lọ tọrọ àṣẹ ààbò ní kóòtù. Òfin kan náà ní kí lọ́yà ṣe ìwádìí kó tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ìfipá tàbí ìlùkulù wà láàárín tọkọtaya náà.

Ìyá_Onílàjà kọ:

Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ ìlàjà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ó sì yẹ kí n gbè sẹ́yìn ìlàjà, àbí? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọmọ yìí, ẹjọ́ ẹnìkan la sì ń gbọ́ látàárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ìwé owó ilé-iṣẹ́ ọkọ rẹ, ṣé o ti fojú rí i rí?

Àbẹ̀kẹ́_Onísùúrù kọ:

Mà, mi ò rí i rí. Òun àti oníṣirò owó rẹ̀ ló mọ̀ nípa rẹ̀. Ó máa ń sọ pé èrè ibẹ̀ kò tó nǹkan, pé ilé ló tóbi jù nínú ohun tí a ní. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa o. Èmi ni mi ò mọ̀.

Ìyá_Onílàjà kọ:

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rẹ wà. Gbogbo èèyàn ń bi ara wọn pé "ṣé a lè bá ara wa sọ̀rọ̀ láìjà?" Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ni pé "ṣé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì mọ̀ nípa owó wọn?" Mo ti rí tọkọtaya tó ń pariwo mọ́ra wọn láti ẹnu ọ̀nà, tí ìlàjà sì bá wọn mu gan-an, torí olúkúlùkù mọ iye tó wà nílẹ̀. Mo sì ti rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín síra wọn, tí ọ̀kan ń fọwọ́ sí ohun tí kò yé e.

Gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe máa ń rí. Èrè ọdún kan kì í ṣe iye tí ilé-iṣẹ́ náà tó. Ilé-iṣẹ́ lè kọ èrè kékeré sílẹ̀ nítorí pé òun ló ń san owó ọkọ̀ tí ọ̀gá ń gùn, owó fóònù rẹ̀, ìrìn-àjò rẹ̀, bóyá owó iṣẹ́ ẹbí kan pàápàá. Kì í ṣe olè jíjà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló bófin mu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ń wọlé fún un ní tòótọ́, wọ́n ní láti dá àwọn owó wọ̀nyẹn padà sínú ìṣirò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wo gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, irinṣẹ́, ọjà tó wà nílẹ̀, àti bóyá ilé-iṣẹ́ náà lè dá dúró bí òun ò bá sí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbé e ró lè má rí ẹni rà á, síbẹ̀ kó máa mú owó gidi wọlé lóṣooṣù, ìyẹn sì kan owó ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló máa ń yanjú èyí, ẹni tí ẹ̀yin méjèèjì jọ yàn.

Olùlàjà kò ní agbára láti fipá mú ẹnikẹ́ni kó ìwé jáde. Ọ̀nà collaborative náà, ìlérí ni wọ́n ṣe pé wọn á fi gbogbo rẹ̀ hàn. Kóòtù nìkan ló lè ní kí èèyàn fi ìbúra sọ ọ́, tó sì lè ní kí báńkì kó àkọsílẹ̀ wá. Nítorí náà, yálà olùlàjà lo yàn ni, yálà collaborative, ìwé ni kó kọ́kọ́ dé. Àkọsílẹ̀ owó ilé-iṣẹ́ fún ọdún bíi mẹ́ta, ìwé owó orí fún àwọn ọdún kan náà, àkọsílẹ̀ báńkì. Bó bá kó o wá wẹ́rẹ́, olùlàjà tó, bí lọ́yà bá wà lẹ́yìn rẹ. Bó bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, o nílò ẹni tí yóò jókòó tì ọ́ nínú yàrá yẹn. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdí tábìlì kọ́ nìyẹn mọ́.

Bàbá_Ìrọ̀rùn kọ:

Ẹ ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti máa fura sí ọkọ rẹ̀. Ó ní kò sí ìjà, ẹ sì ti ń ka ìwé báńkì sílẹ̀ fún un.

Òtítọ́_Korò kọ:

Bàbá, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, bó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, ṣé ó pe olówó rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ ni?

Oníbáńkì_Tẹ́lẹ̀rí kọ:

Ẹ jẹ́ kí n yà síbi gbèsè ilé, torí gbogbo yín ń fò ó. Báńkì kò sí nínú àdéhùn ìkọ̀sílẹ̀ yín, kò tọwọ́ bọ nǹkan kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ níwájú olùlàjà, tí adájọ́ pàápàá sì fọwọ́ sí i, pé ọkọ ni yóò máa san gbèsè náà, orúkọ Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ báńkì. Lọ́jọ́ tí ọkọ kò bá san, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa pè, òun ni orúkọ rẹ̀ máa bàjẹ́ nílé àwọn tó ń yáni lówó. Ó lè gbé ọkọ lọ sí kóòtù pé ó da àdéhùn, ìyẹn kò kan báńkì. Ohun tó ń yọ orúkọ kúrò ni kí ẹni tó ń mú ilé gba gbèsè tuntun lórúkọ ara rẹ̀ nìkan, tàbí kí báńkì fúnra rẹ̀ gbà láti tú ẹnìkejì sílẹ̀, tàbí kí wọ́n ta ilé. Ẹ kọ ọjọ́ tí èyí gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sínú àdéhùn, ẹ sì kọ ohun tó máa tẹ̀ lé e bí ọjọ́ náà bá kọjá. Àkáǹtì tí ẹ jọ ni náà, ẹ tì í pa.

Ọmọ_Ìdákẹ́jẹ́ kọ:

Mo ti ń kà á láti òkè, mi ò kì í sábà sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin bá ń lu obìnrin ńkọ́, ṣé wọ́n á ṣì ní kó lọ jókòó síwájú olùlàjà?

Ìyá_Onílàjà kọ:

Rárá o, ọmọ mi. Àwọn ìbéèrè tí Ẹyẹ_Òwúrọ̀ ní wọ́n bi òun lọ́tọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń bẹ̀rù kò lè dúnàádúrà, "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò máa sọ kó lè délé ní àlàáfíà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2014 ni òfin ti ní kí ẹni tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ tàbí owó ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù kọ́kọ́ lọ síbi ìpàdé kan tí wọ́n ti máa ń ṣàlàyé ìlàjà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹni tó ní ẹ̀rí pé wọ́n ń hùwà ìkà sí òun nínú ilé sílẹ̀. Olùlàjà mìíràn máa ń ní kí wọ́n fi oníkálukú sí yàrá tirẹ̀, tàbí lórí fóònù. Èyí lè ṣiṣẹ́ nígbà míì, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń lù, àṣẹ ààbò láti kóòtù ló kọ́kọ́ nílò. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, tàbí ẹni tí o mọ̀, jọ̀ọ́, kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Má lo fóònù tí ẹni tó ń lù ọ́ lè yẹ̀ wò.

Ẹyẹ_Òwúrọ̀ kọ:

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ti fẹ́ gbàgbé. A fẹ́ kọ ọ́ nígbà tiwa pé kò sẹ́ni tó máa san owó ìtọ́jú fún ẹnìkejì láéláé, torí ọjọ́ bákan náà ni àwọn ọmọ ń lò lọ́dọ̀ wa. Lọ́yà ní adájọ́ lè máà gbà á.

Bárísítà_Ìdílé kọ:

Òótọ́ ló sọ. Owó ìtọ́jú jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ, òbí kò lè fi tọrẹ. Ẹ lè fẹnu kò lórí ohun tí ẹ máa ṣe báyìí, ṣùgbọ́n kóòtù máa ń di agbára mú láti padà wò ó bí nǹkan bá yí padà: iṣẹ́ bọ́, ọmọ ṣàìsàn, ẹnìkan kó lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀nà tí ẹ gbà dé àdéhùn, ìlàjà ni o, collaborative ni o, ti ilẹ̀kùn yẹn pa.

Àbẹ̀kẹ́_Onísùúrù kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Mo ní màá lọ bá olùlàjà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí ìwé ilé-iṣẹ́ kí a tó dá ọjọ́ ìpàdé, kálukú á sì ní lọ́yà tí yóò yẹ àdéhùn wò. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní "ṣé o ò fọkàn tán mi ni?" Mo ní mo fọkàn tán an, mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mò ń fọwọ́ sí ni. Ó ní oníṣirò owó rẹ̀ yóò fi ránṣẹ́. Mi ò mú ọjọ́ fún olùlàjà títí ìwé yóò fi dé.

Bàbá_Ìrọ̀rùn, ẹ má bínú sà.

Ó ku ìbéèrè kan. Bí mo bá sọ nǹkan níwájú olùlàjà, bíi pé mo lè fi ilé sílẹ̀ fún un bó bá fún mi ní iye báyìí, tí ọ̀rọ̀ wá fọ́, ṣé lọ́yà rẹ̀ lè dìde ní kóòtù pé mo ti gbà tẹ́lẹ̀?

Bàbá_Ìrọ̀rùn kọ:

Inú kò bí mi. Ó kàn ṣì ń dùn mí pé ẹ ò lè parí rẹ̀ nínú yàrá ara yín.

Bárísítà_Ìdílé kọ:

Ní ọ̀pọ̀ ibi, rárá. Ohun tí ẹ bá dábàá nídìí ìlàjà kì í wọ kóòtù. Òfin ìlàjà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2001, ohun tó dá lé gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà. Àkọ́kọ́, ìwé owó tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò di àṣírí nítorí pé wọ́n gbé e wá síbẹ̀. Àkọsílẹ̀ báńkì á máa jẹ́ àkọsílẹ̀ báńkì. Èkejì, bí ẹnìkan bá halẹ̀ níbẹ̀ pé òun máa ṣe ẹlòmíràn léṣe, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá hàn pé ọmọ wà nínú ewu, olùlàjà lè sọ ọ́ síta. Ìwé tí ẹ máa tọwọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ olùlàjà ló máa sọ bó ṣe rí níbi tí ẹ wà. Ẹ bèèrè rẹ̀ ṣáájú, kí lọ́yà yín kà á nílé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá ti jókòó tán.

Ìyá_Onílàjà kọ:

Bí ìwé ilé-iṣẹ́ bá sì dé, Àbẹ̀kẹ́, má dá kà á. Wá oníṣirò owó tìrẹ.